Bí Mo Ṣe Kọ Ẹ̀yìn sí Alátánkà ní Warri

Èmi ni Felicia Morẹ́nikẹ́ Adésọ̀kàn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọmọ Josiah Adésọ̀kàn tí í ṣe olùkọ́ ìjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ-ọmọ Ọdúnúgà tí ó kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ní àdúgbò wa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùkọ́. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí a bá nínú ọkọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀.

Agogo mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo fi jáde nílé. Olúwọlé ọmọ mi, tí ilé iṣẹ́ epo gbé lọ sí Warri, ti bí ọmọkùnrin, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a óò sì sọ ọmọ náà lórúkọ. Náírà mẹ́rin ni mo san fún ìjókòó iwájú. Ọ̀nà dán títí dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ra búrẹ́dì. Lẹ́yìn Benin ni ihò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo fi jẹ búrẹ́dì náà tán, fìlà òyìnbó mi ti bọ́ sí mi lójú lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ní Okumagba Layout, àdúgbò tí Olúwọlé ń gbé, ilé tuntun ń hù bí olú. Owó epo ti dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Olúwọlé funfun ju àwo tí a fi ń gba bíṣọ́ọ̀bù lálejò lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, mo fa okùn omi, ohun tí mo rán lọ sì padà wá kí mi. Kòtò ẹ̀yìnkùlé ti kún, àlejò rẹpẹtẹ sì ń bọ̀ lọ́la.

“Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni Olúwọlé wí. “Mo ti ránṣẹ́ sí Efe. Òun ló ní tánkà tó ń fa kòtò àdúgbò yìí.”

Nílé wa, òru ni agbépòó ń rìn, tòun ti garawa lórí. Bí a bá pàdé rẹ̀, a kì í kí i. A ó kọ ẹ̀yìn sí i kí ó kọjá, kí ojú má baà tì í, nítorí ó lè jẹ́ ẹni tí a jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá sì fi í ṣẹ̀fẹ̀, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ni yóò da garawa sí. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé dé Warri.

Efe dé ní ọ̀sán gangan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú mi. “Mígwo, Mama.”

Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

“Mama, mígwo.”

Mo sún mọ́ ògiri, mo sì ń gbàdúrà kí ó tètè kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó yọjú wò. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Oga Wole,” ni ó wí, “your mama say make I no get up?”

“Mọ́mì, ẹ dá a lóhùn.”

“A kì í bá wọn sọ̀rọ̀.”

Efe dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. “I don waka,” ìyẹn ni pé òun ti lọ, ó sì lọ ní tòótọ́.

Bísí, ìyàwó ọmọ mi, gbé ọwọ́ lérí. “Mọ́mì, àwọn Urhobo ló ń kí báyẹn. ‘Mígwo’ túmọ̀ sí pé òun wà lórí ìkúnlẹ̀. Àgbà ló gbọ́dọ̀ sọ pé ‘Vrẹndo’, kó tó dìde. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí òkúta. Alátánkà kejì sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tó lè wá.”

Mo wọ takisí lọ sí Ogbe-Ijoh, létí omi, níbi tí wọ́n ní ó ti ń jẹun. Usi ni ó ń jẹ, òkèlè ẹ̀gẹ́ pupa kan tí ó ń fà bí rọ́bà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn. Mo ṣàlàyé àṣà wa fún un, láti orí garawa dé orí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí usi fi há a lọ́fun.

“So na respect be that? Mama, for Warri we dey greet shit man o.”

Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní tánkà òun kì í rin ìrìn ilé kan. Ilé mẹ́ta ní í kún un, Otor-Udu tí ó ń dà á sí sì jìnnà. Níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń dúró dè é: wọn ó jẹ́ kí ó gbẹ nínú kòtò fún oṣù púpọ̀, kí ó tó di ajílẹ̀. Onílé ń sanwó kí ó gbé e lọ, àgbẹ̀ ń sanwó kí ó gbé e wá. N kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣirò kankan tí mo fi kọ́ ọmọ.

Ìṣòro ni pé gbogbo aládùúgbò Olúwọlé ti búra pé kòtò tiwọn kò kún. Ìtìjú ni. Nítorí náà mo gun iwájú tánkà, mo to fìlà mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ní kí Efe máa lu agogo tí ó so mọ́ tánkà lọ. A rìn já Okumagba Layout bí ọkọ̀ gómìnà. Nígbà tí wọ́n rí ìyá àgbà onífìlà níbẹ̀, ìyàwó ẹnjiníà tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti Olúwọlé yọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi.

“Mama, abeg, our own don full small.”

Mo fi ohùn kíláàsì dá a lóhùn: “Ẹ tò sórí ìlà.”

Ilé márùn-ún ni ó tò. Efe lọ sí Otor-Udu lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, a sọ ọmọ lórúkọ, kò sì sí àlejò kan tí ohun tí ó rán lọ padà wá bá.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà délé, mo dúró de agbépòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni mo wí. Garawa mì lórí rẹ̀. “Ẹ ṣeun, Tíṣà,” ni ó dáhùn, mo sì mọ ohùn náà: ohùn tí ó ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ìgbà náà ni a ti ń kí ara wa, lóru àti ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ti Efe, gáréèjì Warri ni mo ti rí i kẹ́yìn, láàrin èrò, lórí ìkúnlẹ̀. Mo ké “Vrẹndo” sókè tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ méjì tí ó jókòó náà dìde. Ọjọ́ Ajé ni, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ọdún 1975.