Ẹ̀yìn Mi Ni Wọ́n Wà Lórí Afárá

"Gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lé e, ọkọ mi. Tẹ́tí sí i, kó o sọ ohun tó ń wí fún mi."

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin rélùwéè. Ó tutù bí ìkòkò omi tó sùn síta. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ti di àdá mú láti àárọ̀. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ, omi ń hó lábẹ́ afárá níwájú wa, ṣùgbọ́n irin náà dákẹ́.

"Kò sọ nǹkan kan, Ìyá."

"Ó ṣì ń sùn nìyẹn. Dìde, ká kọjá kó tó jí."

Ìyá tí mò ń wí yìí kọ́ ló bí bàbá mi. Ìyàwó kékeré bàbá bàbá mi ni wọ́n, Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí ọmọ tiwọn kankan dúró. Mo lè dárúkọ gbogbo ará abà wa ìgbà náà, láti orí Lámídì tó ń ta kẹrosíìnì dé orí Sìfáwù tí ilé wọn wà nídìí igi ọsàn, àní títí kan ajá wọn. Orúkọ ìyá yìí ni mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é rí. Àwọn náà kì í sì í pe ọmọ ilé kankan lórúkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Òfin yẹn kò kan èmi tí a bí lẹ́yìn tí wọ́n ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lẹ́nu, pé ọmọ ilé ni ọkọ ilé. Bí èmi tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ṣe di ọkọ wọn nìyẹn. Tí mo bá ń sunkún, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ta ló nà ọ́? Ṣé ká kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni?" Màá sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ikun nímú.

Abà wa wà láàárín Olódò sí Lálúpọn, ẹ̀bá ojú irin ló wà. Màmá mi ti lọ sí abà ìyá wọn lódì kejì odò láti lọ bímọ, torí pé ilé àgbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ kan ni wọ́n gbé dábùú odò náà tí à ń gbà kọjá. Òjò ọdún yẹn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó gbé ọ̀pẹ náà lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni Kárímù, àbúrò bàbá mi, gba orí afárá rélùwéè wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ìyàwó wa ti ń rọbí láti àná," ó ní. "Ọmọ kò tíì wá. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń pe Ràfátù."

Èmi ni Ràfátù. Bàbá mi wà lóko lọ́nà Àkànrán, kò tíì gbọ́. Àwọn obìnrin ilé ní a kì í mú ọmọdé gba orí afárá yẹn, kí wọ́n dúró kí omi fà. Ìyá ń di igbá wọn lọ́wọ́, òrí àti ọṣẹ dúdú ló wà nínú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyá rẹ̀ ló ń pè é," wọ́n ní. "Ṣé kí n lọ sọ fún un pé omi ní ká má wá?"

Nígbà tí a dé ẹnu afárá, ẹ̀rù bà mí. Irin ni wọ́n fi kàn án láti ìhín dé ọ̀hún, ó ti pọ́n fún ìpẹtà. Pákó dúdú ńláńlá ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú irin, àlàfo sì wà láàárín pákó kan sí èkejì, ẹni tó bá wolẹ̀ á rí odò. Láàárín gbùngbùn, irin kan yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pẹpẹ, ibẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń yà sí tí ọkọ̀ bá dé bá wọn.

Ìyá bẹ̀rẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú. "Gbọ́ o. Lórí afárá yìí, a kì í pe èèyàn lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ, má dáhùn, má wò ó. Oríkì nìkan ni kó o dá lóhùn."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Odò máa ń kọ́ orúkọ. Tó bá kọ́ tìrẹ, ó lè máa pè ọ́ nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n ṣíwájú. Wọ́n kọ̀. "Tí mo bá ṣíwájú, ẹ̀yìn mi ni wàá máa wò, o ò ní rí ọ̀nà. Máa lọ. Ohùn mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gun orí afárá. Títí dòní, tí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe ń dún lórí pákó, pẹ́, pẹ́, bí ẹni tó rọra ń pàtẹ́wọ́. Òórùn òrí ń ti ẹ̀yìn bá mi. Kùrukùru ṣì wà lórí omi, orí igi nìkan ló yọ, ó dà bíi pé ojú ọ̀run la ń gbà lọ, tí ayé ń fọ aṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyá ń kùn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ti gbàgbé ẹ̀rù.

Ìyá Sàláwù, ará abà wa, ló ba nǹkan jẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò, ó gbójú sókè, ó rí wa.

"Ràfátù! Ràfátù o! Ṣé ìwọ nìyẹn? Níbo lẹ ń lọ láàárọ̀ yìí?"

Wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọ tí kò kí àgbà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ kí n tó rántí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà!" Mo sì wolẹ̀.

Omi ń lọ. Bí mo ṣe ń wò ó, omi dúró, afárá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń gbé mi lọ sókè odò. Mo jókòó pẹ̀ẹ́, mo fọwọ́ méjèèjì gbá irin mọ́ra. Ìgbà náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ apá mi, bí oyin nínú akèrègbè.

"Ìyá," mo ní, "ó ti jí."

"Mo gbọ́."

Wọn ò pariwo. Wọn ò fà mí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ ni ohùn wọn ti jáde, ó rọ̀ bíi ti ẹni tó jókòó sójú ẹní.

"Àníkẹ́. Àníkẹ́ ọmọ tó fẹ̀rín ṣíwájú ọ̀rọ̀. Ọmọ tó re oko tí ilé kò lè sùn. A ní ọ láti kẹ́ ọ ni, Àníkẹ́, a ò ní ọ fún omi. Dìde, ọkọ mi. Gbé ẹsẹ̀ kan. Èkejì mọ̀nà, á tẹ̀ lé e."

Mo gbé ẹsẹ̀ kan.

"Má sáré. Rélùwéè mọ ọ̀nà tirẹ̀, ìwọ náà mọ tìrẹ. Àníkẹ́ ọmọ afínjú..."

Bí ohùn yẹn ṣe tì mí dé orí pẹpẹ irin nìyẹn. Wọ́n fi ìró wọn bò mí, wọ́n gbá mi mọ́ ikùn. Rélùwéè fọn fèrè, ó dé. Gbogbo afárá ń gbọ̀n, eyín tó kù lẹ́nu mi ń kọlu ara wọn. Mo yọjú kan jáde nínú ìró. Mo rí ojú fèrèsé ọkọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá bí ojú àlá, obìnrin kan tó ń bó ẹ̀pà, ọkùnrin kan tó sùn tó lanu sílẹ̀, ọmọ kan tó ń juwọ́ sí mi. Atẹ́gùn ọkọ̀ náà já ìborùn Ìyá gbà lórí wọn. A jọ ń wò ó bó ṣe ń fò lọ, tó rọra balẹ̀ sórí omi, tí omi gbé e lọ.

Ìyá tú ìró lára mi. "Ó ti gba ìborùn," wọ́n ní. "Kò gba ọkọ mi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé nìyẹn."

Ní ilé àgbẹ̀bí, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bọ́ bàtà."

"Bàtà wo?" Ìyá na ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ jáde. "Èyí tí wọ́n bí mọ́ mi yìí? A máa ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí tiwa náà, ìyàwó. Jẹ́ kí n wọlé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yàgò. Wọ́n jẹ́ kí màmá mi rí mi. Ojú wọn ti jìn sínú. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní, "O wá," wọn ò rí agbára sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin aláṣọ funfun náà wá mú mi jáde. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀kùn bí mo ṣe gbé e lé irin. Mo gbọ́ àdúrà, mo gbọ́ agogo. Mo gbọ́ ohùn Ìyá. Mo yọjú ní àlàfo ilẹ̀kùn: wọ́n ti jókòó sẹ́yìn màmá mi, wọ́n fàyà gbà á dúró, wọ́n ń ki í: "Àṣàkẹ́. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Gbé ẹsẹ̀ kan." Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún tó kéré bíi ti ọmọ ológbò.

Àbúrò mi obìnrin nìyẹn. Ìyá ló fún un ní oríkì, Àmọ̀kẹ́.

Ìyá ti lọ tipẹ́. Rélùwéè ti lọ pẹ̀lú, a gbọ́ pé Mọ́níyà ni tuntun wà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ohun tí mo sì lè fi kọ sílẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí.

Àsìkò òjò ọdún yìí ni Àmọ̀kẹ́ lọ. Ilé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ló kú sí, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Mímí rẹ̀ ti ń jìnnà síra, àwọn ọmọ àti ẹbí ọkọ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń ké, wọ́n ń pè é, "Múínátù! Mọ́mì! Ẹ má lọ!" Mo rí i tí ipéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é. Ó dà bí ọmọ tó jókòó sáàárín afárá, tí kò lè lọ, tí kò lè bọ̀.

"Ẹ má pe orúkọ yẹn mọ́," mo ní. Akin, àkọ́bí rẹ̀, wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó sẹ́yìn àbúrò mi, mo fàyà gbà á. Kò wúwo mọ́. Mo ṣe ohùn mi pẹ̀lẹ́.

"Àmọ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Má sáré. Gbé ẹsẹ̀ kan."

Ipéǹpéjú rẹ̀ dákẹ́. Ó gbé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kí Akin fi mọ́tò gbé mi dé ìdí afárá. Koríko ti bo ojú irin, ewúrẹ́ ń jẹ lọ jẹ bọ̀ níbẹ̀. Mi ò gun orí rẹ̀, orúnkún mi kò gbà. Mo kàn bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin. Oòrùn ti mú un gbóná. Mo tẹ́tí sílẹ̀ títí Akin fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí nínú mọ́tò. Mi ò dáhùn.

Gbogbo àwọn tí mo mọ orúkọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán. Nígbà tó bá kan èmi, kí ẹnikẹ́ni má pe Ràfátù. Ẹni tí mi ò mọ orúkọ wọn yẹn ni mò ń retí ohùn wọn lẹ́yìn mi, kí wọ́n tún ní kí ọkọ àwọn dìde.