Ìyá Nayef Ń Lọ Sílé

“Ilẹ̀ baba ńlá mi nìyí! Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́!” Bí Elyashiv ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn o. Á gbé imú sókè, á ki àtàǹpàkò kan bọ bẹ́líìtì, èdè Lárúbáwá wa á wá máa ta kókó lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ iṣu gbígbóná. Orí òkè abúlé wa, tí òun àtàwọn Júù ẹgbẹ́ ẹ̀ wá kọ́ ilé onípákó sí, ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá, fóònù lọ́wọ́, ó ń ya fídíò.

Ìyá Nayef ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń so irin ìtúlẹ̀ mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀. Mínísítà ló sọ ẹran náà, torí ariwo nìkan ló mọ̀ ọ́n pa.

“Baba ńlá ẹ wo?”

“Ábúráhámù!”

“Ṣé Ibrahim? Baba tèmi náà kọ́ nìyẹn? Ó dáa, ọmọ ìyá ni wá. Kí mi dáadáa nígbà náà, mo jù ẹ́ lọ.”

Ojú Elyashiv pọ́n. “Wọ́n lé àwọn baba wa kúrò níbí. Gbogbo ibi tá a sá dé, wọ́n ń pa wá. A wá padà wálé. Ìyẹn ò ṣe ẹ́ láàánú?”

Ìyá Nayef wá dúró. “Ó ṣe mí láàánú. Mo mọ ojú ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà ní Jọ́dánì látìgbà tí mo wà lọ́mọge, kò rí ọ̀nà bọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo lé yín ni? Kí ló wá dé tó jẹ́ oko mi lẹ ti ń gba ìtanràn?”

Elyashiv tún na fóònù sí i, ó ń ya fídíò lọ.

Inú oko yìí ni ìyá náà bí Nayef sí, lábẹ́ igi álímọ́ńdì, nígbà ìkórè. Ó gé ìwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò síbi ìgbéyàwó tí kì í ti í sọ ọ́. Àmọ́ òfin àtijọ́ kan wà, látayé tí àwọn Tọ́ọ̀kì ń jọba níbí, pé ilẹ̀ tí wọn ò bá dá fọ́dún mẹ́ta, ìjọba lè sọ pé tòun ni. Ọdún méjì làwọn sójà ti fi ní kẹ́nikẹ́ni má débí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń parí lọ yìí. Wọ́n á ya fọ́tò látojú ọ̀run. Tí wọn ò bá rí poro nínú ẹ̀, ó tán. Òjò ò tíì rọ̀, ẹyẹ ló máa jẹ ọkà báálì tó bá gbìn, ìyẹn ò kàn án. Poro ló ń wá.

Tirza bọ́ síwájú. Ìyá Júù ni, láti Jerúsálẹ́mù, ó máa ń wá bá wa dúró kí wọ́n má baà nà wá. Elyashiv pè é ní ọ̀dàlẹ̀, Tirza ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ó wá kọjú sí Ìyá Nayef.

“Gbé irin yẹn fún mi. Orúnkún ń dùn ẹ́, wọn ò sì ní tètè mú mi.”

“Rárá o. Ṣé o ò rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ yẹn? Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ ló fa poro, lọ́la wọ́n á ní Júù ló ń dá oko yìí.”

Ojú Tirza kọ́rẹ́ lọ́wọ́. “Látọjọ́ tí mo ti ń wá, ojú tó o fi ń wò mí nìyẹn?”

“Èmi kọ́, fídíò ni. Fídíò ò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́. Lọ dúró níwájú Mínísítà kó o máa bá a sọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo. Kò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.”

Tirza ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sá bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni jíìpù àwọn sójà dé. Ọ̀gá wọn ò ju ọmọdé lọ, ohùn ẹ̀ ń já bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ: “Àgbègbè ológun! Ẹ kúrò! Ẹ máa lọ sílé!” Elyashiv jókòó sórí òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò lé òun.

“Ilé?” Ìyá Nayef bi í.

“Ilé!”

“Gbogbo yín gbọ́ o. Òun ló ní kí n máa lọ.”

Ilé ẹ̀ wà lódìkejì oko. Ó ti irin bọlẹ̀. “Haa, Mínísítà! Sójà ní ká máa lọ sílé!”

Ilẹ̀ là. Ó tú u dé ìdí ògiri òkúta, ó yí padà, ó tún tú òmíràn bọ̀.

“Mo ní kẹ́ ẹ máa lọ!”

“Ṣé mi ò lọ ni? Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè gba ọ̀nà tó gùn.”

Elyashiv fò dìde. “Ó ń túlẹ̀! Ẹ̀yin ò rí i ni?”

Sójà sáré dí i lọ́nà, ó gbá ìjánu mú. Mínísítà dúró gbagidi, ó ké sí i létí. Àmọ́ poro márùn-ún ti wà nílẹ̀, wọ́n dúdú, àwọsánmà pàápàá ń rí wọn.

Ìyá Nayef wá kígbe pè mí: “Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ tó ń sín sójà jẹ lẹ́yìn ògiri! Wá bá mi fa ẹran yìí, apá ìsàlẹ̀ ṣì kù!”

Mò ń bọ̀ o, Ìyá Nayef!