Máàkì Tí Bàbá Fàósátù Ná

Gbogbo ẹni tó ka báólójì ní yúnifásítì kan báyìí ní Kàdúná ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Fàósátù lọ ná máàkì ní ọ́fíìsì Dókítà Ezra, olùkọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà pàápàá ń búra pé ìṣojú àwọn ni.

Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàtà gwanjo, ìyẹn àlòkù, ló ń tà ní àdúgbò Television kó tó di akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá gba mọ́kàndínlógójì nínú jẹ̀nẹ́tíìsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Ogójì ni wọ́n fi ń yege. Ó wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí èsì. Mo ní kí n wá ká jọ sọ ọ́."

"Kí la fẹ́ sọ, Bàbá? Mọ́kàndínlógójì ni."

"Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo gbọ́. Èmi ní márùndínláàádọ́ta."

Dókítà Ezra, tí kò tó Fàósátù, àkọ́bí Bàbá, lọ́jọ́ orí, yọ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, máàkì kì í ṣe bàtà."

"Ẹ má bínú. Méjìlélógójì. Ẹ wo orúkọ mi lókè ìwé yẹn, ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ́ tó rẹwà."

"Orúkọ ò ní máàkì."

"Ogójì péré wá! Èmi lẹni àkọ́kọ́ tó máa wọlé sọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Ẹ má fọwọ́ ara yín lé oríire lọ."

Àmọ́ ọmọ àdúgbò Kabala Doki ni Dókítà Ezra. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí àwọn Hausa ọlọ́jà ṣe ń kọ owó tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn láìbínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Albarka, Bàbá."

Bàbá gbọ́, ó dìde. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo oníbàárà tó gbọ́n máa ń ṣe: ó ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lílọ ẹni tó ń lọ. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó dúró kí akọ̀wé, ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó jọ pé ó kí òun náà. Ìrìn ẹni tó ń retí ìpè ni. Kò sí ọlọ́jà kan láti Television títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ kó rin ìrìn yìí dé ìkóríta rí, kó tó ké pé, "Bàbá, ẹ padà wá, ẹ jẹ́ ká tún un sọ!"

Ó kúrò lábẹ́ igi. Ó dé géètì. Ó ra ẹ̀pà, ó jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ ni Bilqees bá a, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ó máa pè mí."

Dókítà Ezra wa mọ́tò rẹ̀ kọjá, ó juwọ́ sí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Kàdúná tí Bàbá Fàósátù máa lọ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é padà.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé bàbá àtọmọ wà ní kíláàsì kan. Bilqees ló fà á. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà, báólójì ni wọ́n fún un. Ó sunkún, ó kọ̀ kò lọ, ó tún ìdánwò ṣe lọ́dún kejì. Báólójì náà ni wọ́n tún fún un. Ó ní òun ò ní kà á, òun á kúkú máa bá ìyá òun ta aṣọ.

Bàbá ṣí fìlà. "Ọjà tí wọ́n fún ẹ yìí, ṣé ó ya ni?"

"Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ ni."

"O ò tíì kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, o ti ní kò bá ẹ mu. Ó dáa. Mo ti lọ bá ẹ wò ó."

Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́ pé òun náà ti ṣe ìdánwò àṣewọlé ní bòókẹ́lẹ́, àti pé báólójì ti gba òun. Rodiyah, ìyàwó rẹ̀, tó ń gé ilá lọ́wọ́, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá Bilqees, ṣé ara yín dá?"

Bàbá kọjú sí Bilqees. Ọmọ ló ń bá nájà. Àwọn méjèèjì á jọ wọlé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lé òun, Bilqees ti gba òmìnira, kó lọ síbi tó wù ú. Bí wọn ò bá lé òun, wọ́n á jọ parí ẹ̀ ni. Bilqees wo bàbá rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé kó tó lè ka orúkọ oògùn, àfi kó gbé e sínú oòrùn. Ó rò ó pé ìdajì ọdún náà ò ní pé. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá yára gbà ní Television, òun gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Lọ́dún tí wọ́n wọlé, wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀pọ̀lọ́ kan wá kí wọ́n lè là á wo inú rẹ̀. Àwọn kan ń tà á lẹ́bàá géètì. Àwọn tó kù sanwó, wọ́n gba ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n wọlé. Bàbá yẹ tirẹ̀ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín ju tọ̀tún lọ. Ó ná an títí ọlọ́jà fi fún un ní méjì lówó ẹyọ kan, kó ṣáà lè kúrò níwájú òun. Nígbà tó fi máa dé kíláàsì tayọ̀tayọ̀, wọ́n ti ń nu tábìlì. Ó bá kó wọn lọ sílé ní Doka, ó tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Gbogbo òjò ọdún yẹn ni wọ́n fi ń ké. "Bàbá Bilqees," ni Rodiyah wí, "ẹ̀kọ́ lẹ ní ẹ lọ kọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ kó àwọn olùkọ́ yín wálé?"

Kóòtù funfun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní láàbù, Bàbá ń wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sálásí, ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra ẹran. Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọkùnrin kan ní gáréèjì Television, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn èèyàn rí funfun. "Ga likita! Ga likita!" Wọ́n ti Bàbá débẹ̀ pé dókítà rèé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọkùnrin náà láyà, ó mi orí bí àgbà. Wọ́n bi í pé kí ló ṣe é. Bàbá fi Hausa tó dán mọ́rán dá wọn lóhùn pé, tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni, òun ì bá ti mọ̀. Kí ọkùnrin ọ̀hún tó lajú, ẹ̀rín ti ń pa á. Títí dòní, wọ́n ní Bàbá ló wò ó sàn.

Jẹ̀nẹ́tíìsì ló wá gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Dókítà Ezra ya ẹ̀wà gíga àti ẹ̀wà kúkúrú sójú pátákó, ó ní tí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, tó bá fi máa di ìran kejì, bí mẹ́ta bá ga, ẹyọ kan á kúrú. Bàbá nawọ́ sókè.

"Dókítà, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Gbogbo wọn ló ga. Ta ló wá mú kúkúrú tèmi?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kíláàsì. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó sì kọ sínú ìdánwò gan-an nìyẹn.

Òfin wọn ní ẹ̀ka báólójì kò gùn: ẹni tó bá kùnà jẹ̀nẹ́tíìsì lẹ́ẹ̀mejì, ilé yá. Bàbá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo tí wọn ò tà fún un. Bó bá tún kùnà, Bilqees ti gba òmìnira.

Ohun tí ọmọ náà ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ti dé ẹnu ọ̀nà wàyí, kò sì dùn mọ́ ọn. Omi gọ́tà ló bà á jẹ́. Wọ́n bu omi gọ́tà díẹ̀ sábẹ́ mákíróskóòpù lọ́jọ́ kan, ó fojú sí i, ó rí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń sáré kiri bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá rí i. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọlọ́jà tó rí i pé oníbàárà ti kẹsẹ̀ bọ bàtà.

Bilqees gbé ìwé, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tí kò tíì pa tì.

"O mọ̀ pé bí mo bá kùnà, wàá lè máa lọ," ni Bàbá wí.

"Ẹ ṣí ìwé yín."

Wọ́n jà lórí ẹ̀wà títí ó fi sú wọn. Bilqees ju ìwé sílẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ bàtà dúdú kan àti ẹsẹ̀ bàtà pupa kan yọ nínú òkìtì.

"Bàbá, ọmọ kì í gba odidi bàtà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹsẹ̀ kan látọ̀dọ̀ bàbá, ẹsẹ̀ kan látọ̀dọ̀ ìyá."

"Kó wá wọ dúdú mọ́ pupa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ dúdú nìkan ló ń hàn síta. Pupa wà níbẹ̀, kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni."

Bàbá ronú. "Bí èmi nígbà tí ìyá ẹ bá ń sọ̀rọ̀."

"Ẹn-ẹ́n! Àfi tí ọmọ bá gba pupa lọ́wọ́ àwọn méjèèjì."

"Ìgbà yẹn ni pupa á tó lẹ́nu nílé." Ó gbé bàtà méjèèjì sórí itan. "Kúkúrú tèmi wá ńkọ́?"

"Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lè bí mẹ́rin kí kúkúrú má yọ níbẹ̀ rárá."

"Ẹnikẹ́ni ò mú un lọ nígbà yẹn?"

"Ẹnikẹ́ni ò mú un."

"Alhamdulillahi. Kí ló dé tí Dókítà wá ń fi ẹ̀wà yọ mí lẹ́nu látọjọ́ yìí?"

Nígbà tí èsì jáde, méjìdínlọ́gọ́ta ló gbà. Bilqees fò sókè ní gbangba, ó pariwo bí ẹni tí wọ́n gbà sí ìmọ̀ ìṣègùn. Bàbá ní tirẹ̀ wọ kóòtù, ó forí lé ọ́fíìsì Dókítà Ezra.

"Dókítà, ogójì ni mo wá rà. Ẹ ti wọ̀n ọ́n lé. Ẹ mú ẹyọ kan nínú ṣéńjì mi, kẹ́ ẹ fi kún ti èṣí yẹn kó pé. Ìyókù, ẹ fi ta ọmọ tó bá wá sunkún níbí lọ́rẹ."

"Albarka, Bàbá."

Ó tún rin ìrìn rẹ̀ títí dé géètì. Wọn ò pè é.

Wọ́n jọ parí. Dígírì ti Bilqees wà lókè, ti Bàbá jẹ́ kíláàsì kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìyẹn yọ ṣùtì sí i, Bàbá á ní nínú rélùwéè náà, ẹni tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní àtẹni tó wọ kẹta, ìlú kan náà ni wọ́n ń sọ̀ sí. Ó gbé sátífíkéètì kọ́ sáàárín bàtà, ẹni tó bá sì wá ra bàtà á kọ́kọ́ gbọ́ jẹ̀nẹ́tíìsì. Bilqees di olùkọ́ báólójì. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ ìṣègùn, á ní, "Bàtà ti bá mi mu."

Bàbá Fàósátù kú ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan lọ́dún 2021, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ funfun dì í tán, Rodiyah wò ó títí. "Ẹ ṣe kíá o," ló wí, "kí ẹnì kan má tún lọ pè é ní likita."

Dókítà Ezra wá. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bilqees àti àwọn obìnrin. Àwọn ọkùnrin gbé Bàbá jáde. Ojú ọ̀nà Doka kún, wọ́n rọra ń lọ. Wọ́n dúró kí ọ̀kadà kan kọjá. Wọ́n dé ìdí igi máńgòrò kan, tírélà kan dí ìkóríta, wọ́n tún dúró.

"Ẹ wò ó, sà," ni Bilqees wí. "Ó ń rin ìrìn rẹ̀ yẹn."

Dókítà Ezra wò. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá!" Ó ké e débi pé àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ padà wá, ẹ jẹ́ ká tún un sọ!"

Rodiyah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Bilqees tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu.

Tírélà kọjá. Wọ́n tún gbéra. Wọ́n ti wá pè é, Bàbá Fàósátù ò sì yà padà. Ó jọ pé ibi tó ń lọ ti fún un ní iye tó fẹ́.