Ojú-Àwòdì àti Ìwé Tí Kò Láṣìṣe

Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pe obìnrin náà nílé ìtẹ̀wé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó sì fa àṣìṣe inú rẹ̀ yọ. Ẹ má rò pé ó ń wá a kiri o. Á kàn jókòó sẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á tàn sórí bébà, ọ̀rọ̀ á sì máa gbé e lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Bó bá débi tí gbólóhùn ti wọ́, ọpọlọ rẹ̀ á ta gìrì, bí ìgbà téèyàn ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn, kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá tó ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìwé, á dọ́gbọ́n fi gbólóhùn òmùgọ̀ kan há àárín, kí oorun má baà gbé e lọ. Bí obìnrin náà bá ti kàn án, á pariwo, “Bàbá, ọwọ́ mi ti tẹ̀ yín!”

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlu obìnrin náà. Ó san. Dókítà ní bí ọpọlọ bá ti bọ̀ sípò, á máa ta gìrì bíi tẹ́lẹ̀. Ó padà síbi fèrèsé, ó ka ìwé kan tán, ó ka òmíràn. Ọ̀rọ̀ kàn ń ṣàn bí àlá, kò sí ohun tó mú ọpọlọ rẹ̀ ta gìrì. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé.

“Bàbá, mò ń lọ sọ fún ọ̀gá pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́, mi ò rí ẹyọ kan.”

Bàbá bojú wolẹ̀. “Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́, àbúrò mi. Àánú ẹ ló ṣe mí. Kódà, àṣìṣe àwọn tó kọ̀wé, mo ti tún un ṣe kó tó dọ́dọ̀ ẹ.”

“Háà! Ẹ wá ń sin mí láàyè!”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ti àánú náà wà níbẹ̀. Ìtìjú mú bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé ìwé mìíràn síwájú obìnrin náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Oòrùn tàn sórí bébà. Ọkùnrin inú ìtàn náà tibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó sì mu àga rẹ̀ tán.

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Omijé dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á.

Bàbá na ọrùn láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. “Ṣé kò sí o?”

“Bàbá,” ó bi í, “ta ló ń mu àga nílé yín?”