Orúkọ Tí Ìyá Moufidatou Kò Lè Pè

Ẹni tó bá sọ pé Ìyá Moufidatou kò mọ ọkọ̀ wà, irọ́ gbuu ló pa. Èmi ni aládùúgbò rẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún. Aṣọ ni mò ń rán, ojú fèrèsé mi sì kọjú sí àgbàlá wọn. Mo ti rí i tó ń fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá náà pẹ̀lú ẹrù kajú tó ga ju òrùlé lọ, tí kò kan ògiri, tí kò pa adìyẹ kankan. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí kò lè ṣe láyé ni kó pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ohun kan yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣábẹ níbí.

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa. Ìyàwó tó bá wọlé kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, òun ni yóò sì wá orúkọ tí yóò máa pè wọ́n. Ìyàwó mìíràn á lo oṣù mẹ́ta lórí ẹ̀. Ìyá Moufidatou parí tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó máa ń hanrun, ó sọ ọ́ ní Ọkọ̀-Ojú-Irin. Èyí tí kì í kúrò nítòsí ìkòkò, ó sọ ọ́ ní Ṣé-Ó-Ti-Jinná. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà tó ga, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí aṣọ máa ń yẹ. Ìyẹn nìkan ló rí orúkọ tó dùn gbà: Agúntáṣọọ́lò.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó fi òwò kajú tọ́ ọmọ. Ó ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú Sakin, ó ń kó o wá sílé. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń háyà, títí Agúntáṣọọ́lò, tó ti ń gbé ní Ṣakí ní ìhà kejì ààlà, fi gbé bàṣé Toyota tirẹ̀ wá tà fún un. Bàṣé ni à ń pe ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Nọ́ńbà Nàìjíríà ló wà lára rẹ̀, ìwé Nàìjíríà ló sì bá a wá.

Wọ́n lọ bá Hervé, akọ̀wé tó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà nínú ọjà, pé kó kọ ìwé ìtajà. Hervé kì í ṣe Yorùbá. Ó bi Ìyá Moufidatou pé ta ló ta ọkọ̀. Ó dáhùn pé, "Agúntáṣọọ́lò." Hervé ní kó tún un pè, ó tún un pè, Hervé sì kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Agúntáṣọọ́lò kò lè ka Faransé. Ó tẹ̀ka sí i, ó sì padà sí Ṣakí.

Ìyá Moufidatou kó ìwé Nàìjíríà sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ agbádá ọkọ rẹ̀ tó kú, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí ibi tó láàbò jù bẹ́ẹ̀. Ikán wọlé sí i láti ìsàlẹ̀. Wọ́n jẹ ìwé náà tán pátápátá, wọn ò fọwọ́ kan agbádá. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ gba nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ tiwa níbí ló ṣí àpótí tó bá iyẹ̀pẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, àwọn jàndámù, ìyẹn agbófinró ojú ọ̀nà, dá a dúró lójú ọ̀nà Parakou. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù fún un. Bí kò bá rí kátì-gíríìsì, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, ọkọ̀ á wọ ẹ̀yìn ọgbà wọn. A mọ ẹ̀yìn ọgbà náà dáadáa. Àwọn ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ewúrẹ́ ti bímọ sínú wọn. Kajú sì ti ń já ní Sakin. Bí Ìyá Moufidatou kò bá rí nǹkan fi kó o lọ́dún yìí, àwọn àgbẹ̀ á wá oníbàárà mìíràn, àgbẹ̀ tó bá sì lọ báyìí kì í sábà padà.

Ìwé ìsọnù, tó ń jẹ́rìí pé ìwé ọkọ̀ kò sí mọ́, kò le, àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ fún un kíákíá. Bírò ọkọ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ ìwé ọkọ̀, ni wàhálà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Romuald ló wà níbẹ̀, ọmọ Kétu, Yorùbá bíi tiwa. Ó mọ àṣà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí tábìlì ìjọba débi tó fi rò pé tábìlì náà ló bí òun. Èmi ni mo tẹ̀ lé Ìyá Moufidatou lọ.

Romuald ka ìwé ìtajà, ó yí i sókè, ó yí i sódò.

"Ìyá, ta ni Agúntáṣọọ́lò yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọkọ yín ti kú?"

"Èyí tó kú kọ́. Èyí tó wà ní Ṣakí."

Romuald gbé ojú sókè. "Ọkọ mélòó lẹ ní?"

"Nígbà tí mo wọlé, mọ́kànlá ni wọ́n. Ó ku méje."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Romuald kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọba kò mọ Agúntáṣọọ́lò rí. Ó ní kí ẹni náà wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, kí Ìyá Moufidatou sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní orúkọ tó wà nínú káàdì, kó jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, Agúntáṣọọ́lò dé láti Ṣakí. Ó jókòó ní bírò, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé wọn, mo lè sọ ọ́: Salifou Oyèlékè ló wà nínú káàdì rẹ̀.

"Ó yá, Ìyá," Romuald ní. "Ẹ pè é."

Ìyá Moufidatou la ẹnu, ó pa á dé. "Ẹni tó wà nínú káàdì yẹn ni."

"Orúkọ, Ìyá!"

Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn."

"Èmi kọ́ ni wọ́n bi," ni Agúntáṣọọ́lò wí. Ìkà èèyàn! "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí ọjọ́ òní, ìyàwó. Pè mí kí n gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ."

"Ọlọ́run á bi yín o."

"Á bi mí. Pè mí ná."

Bàbá arúgbó kan lórí ìlà ní kó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo wa á di etí. Lóòótọ́ a di etí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ẹni tó dì í dáadáa, títí kan èmi gan-an. Ìyá Moufidatou tún la ẹnu. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó ní bó bá ṣe ẹsẹ̀ lásán lòun máa fi rìn dé Sakin, òun ò ní di ìyàwó tó pe ọmọ ilé lórúkọ lójú ọjà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ó rọra fi gèlè nu ojú, mo sì rí i tí ẹ̀rín kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

"Ọmọ mi, ṣé o ti gbéyàwó?"

"Mo ti gbé e, Ìyá," Romuald dáhùn.

"Ìyá tó bí i ńkọ́, ṣé ó wà láàyè?"

"Wọ́n wà, ẹ ṣeun."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Romuald la ẹnu. Ó pa á dé.

"Pè é sókè," Ìyá Moufidatou ní, "kí ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé yìí lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Chimène, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé, fi ọwọ́ bo ẹnu. Romuald wo òrùlé, ó wo àwòrán ara ògiri, ó wo bàtà rẹ̀. Bàbá arúgbó yẹn ní, "Ẹ jẹ́ ká di etí." Ẹ̀rín dà wá nù.

Nígbà tó yá, Romuald wúkọ́, ó mú kálàmù. Ó kọ ọ́ pé Salifou Oyèlékè, tí àwọn ìyàwó ilé ń pè ní Agúntáṣọọ́lò, ló ta ọkọ̀. Ó ní kí ìyẹn tẹ̀ka, kí n tẹ̀ka bí ẹlẹ́rìí, ó gba káàdì Ìyá Moufidatou, ó da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ó sì lu òǹtẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Ìwé ìdúródè, tó ń dúró fún kátì-gíríìsì títí tí yóò fi jáde, tí Ìyá Moufidatou gbà lọ́jọ́ náà ló fi ń gba iwájú àwọn jàndámù kọjá. Kò pàdánù kajú ọjọ́ kan.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó wá gba kátì-gíríìsì gan-an. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sín Romuald jẹ fún mi, à ń rẹ́rìn-ín. Chimène jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Awawou Ṣàbí!"

Chimène wo orí bẹ́ǹṣì yípo, ó tún pariwo.

"Awawou Ṣàbí!"

Ìyá Moufidatou tẹ̀ sí mi létí. "Wo ìwà àwọn èèyàn. Wọ́n á fi ìwé sílẹ̀ ní bírò, wọ́n á lọ sùn sílé." Èmi náà wẹ̀yìn, mò ń wá obìnrin náà kiri.

"Awawou Ṣàbí, tó ni bàṣé Toyota!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, ó sì dìde.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín," Chimène ní.

"Má bínú, ọmọ mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò tíì sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀."