Bàbá Wò-ó-Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ nípa bàbá mẹkáníìkì kan tó ti dolóògbé ni ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ lù ú bí olè. Lánàá ọjọ́ náà ló pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì ọkọ̀ obìnrin olùkọ́ kan, ìyẹn rọ́bà eléyín tó so òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa yí pọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkàn bàbá ò balẹ̀. Ṣé òun tiẹ̀ de nọ́ọ̀tì tẹ́ńṣánà, irin roboto tí kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì dẹ̀?

Ó mú sípánà, ó di ilé olùkọ́. Ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà kì í sì í tì dáadáa, ló bá ṣí i, ó ki orí bọ̀ ọ́. Aládùúgbò kan figbe ta: "Olè! Olè o!" Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, èrò ti pé lé e lórí tigitigi. Bàbá ò gbórí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n wò ó tán ná, kí ẹ tó máa lù mí."

Nọ́ọ̀tì náà le dan-indan-in. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé wọ́n jáde. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Wò-ó-Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i.

Tó bá ti tú bẹ́líìtì sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sán ló tó dáhùn. Ìyá ti délé.

Àwọn oníbàárà ńkọ́? Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá nítorí bíréèkì, bàbá ní ìgbà wo ló ti pààrọ̀ bẹ́líìtì.

"Kò tíì pẹ́, ọ̀gá."

"Kò-tíì-pẹ́ kì í ṣe ọjọ́. Ṣé wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn yín nígbà náà?"

Ọkùnrin náà ronú. "Wọn ò tíì bí i."

"Ọmọ ọdún mélòó ni báyìí?"

"Ó... ó ti wọ yunifásítì."

Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó lé e.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún méjìlá ló fi bá a ṣiṣẹ́, tó sì ń bá ìyá rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kò tíì dá bẹ́líìtì wọ̀ rí kí bàbá má dúró tì í. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, olùkọ́ yẹn gbé ọkọ̀ dé. Bẹ́líìtì ti ń là wẹ́wẹ́. Ó ní lọ́la lòun ń gbé ìyá òun lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn.

"Ìwọ ni màá gbé e fún," ó ní. "Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, mà."

Ọmọbìnrin náà mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Bí eyín kan ṣoṣo bá ṣìnà, fáàfù á kọlu pístìn, irin á fọ́ irin nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á kú sórí eré, olùkọ́ àti ìyá rẹ̀ á há sáàárín ọ̀nà. Ó wọ bẹ́líìtì, ó de tẹ́ńṣánà, ó fi sípánà gígùn yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí bàbá ṣe máa ń ṣe. Àmì ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ̀ pé bẹ́líìtì jókòó, bọ́ sójú ẹ̀. Tòkè fi eyín kan yẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná ni, ìparun dé.

"Ṣé kò sí wàhálà o?" olùkọ́ béèrè.

"Kò sí, mà. Ẹ má bínú, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ọmọ bàbá rẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà tú bẹ́líìtì palẹ̀. Ó ti kánjú de tẹ́ńṣánà kó tó fa bẹ́líìtì le ní apá kejì ni. Ó fà á le, ó tún un wọ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Àmì méjèèjì jókòó. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ló tó ṣáná, ẹ́ńjìnnì sì dún jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń wò ó.

"Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Báyìí gan-an ni bàbá yín ṣe máa ń jókòó."

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí ni fóònù dún.

"A ti dé o," olùkọ́ ní. "Ìyá mi tiẹ̀ sùn láti ilé títí a fi dé ibí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá yé e pé gbogbo ọdún tí àwọn fi ń fi ìbẹ̀rù ọkùnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, inú ìbẹ̀rù náà làwọn ẹlòmíì ti ń rí oorun sùn. Ó wù ú gan-an kó lè pe bàbá, kó sọ fún un pé wọ́n ti dé.