Ààlè Sìmíátù

Ẹ má fi Sìmíátù eléwé ọmọ ṣeré o! Gbogbo Ìwáyà ló mọ̀ ọ́n. Ó ti gé Àmúsà ọlọ́kadà jẹ létí, awẹ́ etí ọ̀hún sì já, torí pé ìyẹn da pàǹtírí sétí irà. Ó ti la ìgò mọ́ Rilwan aládùúgbò rẹ̀ lórí. Kí ló fà á? Ẹfinrin mà ni! Ẹfinrin tẹ́nikẹ́ni ò gbìn, tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú irà lẹ́yìn ilé. Bó bá gé e lónìí, á tún rú. Òun ló tà tó fi tọ́ Fadilah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, títí tíyẹn fi wọ yunifásítì.

Nígbà tí wọ́n wá fi iyanrìn dí irà náà, ojú kan péré ni ẹfinrin ṣẹ́ kù sí. Sìmíátù so ààlè mọ́ ọn, àkísà pupa àti àfọ́kù òòyà.

"Ọwọ́ tó bá kàn án, mà á gé e dànù ni!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, nínú ìkùukùu, ó rí ẹnì kan tó fi náílọ́ǹ borí, tó bẹ̀rẹ̀ sáàárín ewé. Wọ́n ti tú ààlè, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ẹ gbọ́ ná, olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ará ilé ẹni tó so ó nìkan ló ń tú ààlè báyìí! Sìmíátù rí i kedere, àmọ́ ìbínú burúkú ti bò ó lójú. Ó gbé àdá sókè.

"Olè! Gbé ọwọ́ yẹn wá!"

Ẹni náà nawọ́ sókè láti gba orí rẹ̀ là. Àdá balẹ̀. Ìka méjì já bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tú yaa.

"Màámi! Èmi ni!"

Fadilah ni.

"Yéè! Mo gbé!" Sìmíátù ju àdá nù. Ó já ẹfinrin, ó fọwọ́ ra á, ó ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó já ewé tán, ó fa igi rẹ̀ tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó ń dì í mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Orúnkún ló ń dùn yín lánàá tí mo dé," Fadilah wí. "Mo ní kí n bá yín já a, kẹ́ ẹ lè sùn díẹ̀ sí i."

Àmúsà, elétí gígé, ló fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sọ́sibítù. Fadilah yè é.

Ẹfinrin ò hù níbẹ̀ mọ́. Ààlè ṣì wà lábẹ́ òkúta, Sìmíátù ò jẹ́ fọwọ́ kàn án.